Àwọn olórin wa tó lọ láti 2020: ibo gan-an nínú orin wọn ni etí yín máa ń dúró sí?

Awakọ̀ Ìwó-Róòdù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọkọ̀ akérò ni mo ń wà, láti Ìwó Róòdù n'Íbàdàn sí Bẹ́gà l'Ékòó. Orin kì í dákẹ́ nínú ọkọ̀ mi àyàfi tí a bá dé ibi tí ọlọ́pàá ti ń dá mọ́tò dúró. Fíláàṣì tí mo kó orin sí ti bàjẹ́, gbogbo orin inú rẹ̀ ló sì bá a lọ. Mo fẹ́ kó orin sí òmíràn, mo sì ti pinnu pé kìkì àwọn olórin tó jáde láyé láti ọdún 2020 ni màá fi sórí èyí.

Ìdí tí mo fi wá sọ́dọ̀ yín rè é. Bí olórin bá kú, gbogbo wa la máa ń kọ "Erin wó!" àti "Ó dàrìnnàkò", a ó fi àwòrán àbẹ́là sí i, ó tán. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, a ti bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. N ò ní ká má ṣàdúrà, àdúrà dára. Àmọ́ ẹni tó fi ọgọ́ta ọdún fọn fèrè fún wa, ṣé kò yẹ ká lè sọ bí fèrè rẹ̀ ṣe máa ń dún? Ìyẹn ló ń dùn mí. Nítorí náà, ẹni tó bá dárúkọ olórin níbí, kó jọ̀ọ́ dárúkọ orin kan pàtó, kó sì sọ ibi tí etí rẹ̀ máa ń dúró sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Bàbá Victor Ọláìyá bẹ̀rẹ̀. Kàlàbá ni wọ́n bí wọn sí lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1930, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀ṣà-Ìṣù l'Ékìtì ni wọ́n. Ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2020 ni wọ́n kú ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, ẹni ọdún 89. Bàbá mi fẹ́ràn wọn débi pé nínú gbogbo orúkọ olórin, tiwọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ fi "Ọmọ Pupa" sí i, kí ẹ má tẹ̀lé ohùn. Fèrè ni kí ẹ máa dúró dè. Bí ẹnu bá ti sọ tirẹ̀ tán, fèrè á wọlé. Kì í pariwo, kì í pẹ́ níbẹ̀. Á tún ọ̀rọ̀ tí ẹnu sọ tán yẹn sọ lọ́nà tirẹ̀, á sì yọ́ jáde. Ẹni tó bá ti rí wọn lórí ìtàgé á rántí aṣọ ìnujú funfun tí kì í kúrò lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n fi ń nu òógùn bí wọ́n bá gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Èmi, bí mo bá ń gbọ́ àwo wọn, mo máa ń mọ ìgbà tí aṣọ yẹn yóò gòkè.

Ní ọdún 2013, àwọn àti 2Face tún "Baby Jowo" kọ. Títí di òní, bí mo bá fi ti àtijọ́ sí i nínú ọkọ̀, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún á máa gbè é, wọ́n á ní orin 2Face ni. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú yíjú sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Kí wọ́n tó bí yín la ti ń jó o." Gbogbo ọkọ̀ ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹnìkejì ni Bàbá Jimi Ṣólànkẹ́, tí wọ́n kú lọ́jọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni ọdún 81. Ìpára Rẹ́mọ ni ilé wọn. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń yà sí Ìpára, "Bàbá Àgbà" ni mo máa ń fi sí i. N ò bá wọn pàdé rí. Orí tẹlifíṣọ̀n NTA ni mo ti mọ̀ wọ́n, lórí ètò Storyland, níbi tí wọ́n ti ń pàlọ́ fún àwa ọmọdé. Ohùn tí wọ́n fi ń pàlọ́ náà ni wọ́n fi ń kọrin: ohùn tó nípọn, tí kò kánjú, tó ń dúró de ọmọ tó jókòó lẹ́yìn pátápátá kí òun náà lè gbọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó kàn ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ni etí mi máa ń dúró sí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Olórin wo, orin wo, ibo nínú orin?

Onílù Agége

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yìí bá mi lára mu. Onílù ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìlù òyìnbó ni mo ń lù. Tony Ọládípọ̀ Allen ni tèmi, ọmọ Èkó, tó kú ní Paris lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ẹni ọdún 79. Kòrónà ti gbogbo ayé mọ́lé nígbà yẹn, kò sí bí a ṣe fẹ́ kóra jọ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláìyá tí ẹ dárúkọ yẹn gan-an ló sì gbà kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe nílé iṣẹ́ rédíò kan l'Ékòó nígbà tó ń kọ́ ìlù. Nígbà tó wọ Cool Cats, ẹgbẹ́ Bàbá Ọláìyá, igi méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ìgbà tí onílù wọn lọ ló tó jókòó sídìí ìlù. Ní 1964, Fẹlá mú un, wọ́n sì jọ wà títí di 1979.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣe, torí ọ̀pọ̀ ló ń yìn ín tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń yìn. Ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì ni onílù ní. Àwa tó kù, ọwọ́ ọ̀tún ló ń darí, ọwọ́ òsì ń tẹ̀lé e, ẹsẹ̀ ń ka iye fún wọn. Tony Allen ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan ń sọ tirẹ̀, ìkejì ń dá a lóhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀ mìíràn lórí ìlù ńlá, ẹsẹ̀ òsì sì ń ṣí àwo bàbà méjì tó kọjú síra, ó ń pa á dé. Àpilẹ̀kọ tí Max Roach, onílù Amẹ́ríkà, ṣe nípa àwo ẹlẹ́sẹ̀ yẹn ló kà, ló bá jókòó tì í títí ẹsẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ẹ ti rí àwọn onígángan lóde: ìyá ìlù ń sọ̀rọ̀, omele ò yẹsẹ̀. Ọkùnrin yìí nìkan ni ìyá ìlù, òun náà ni omele.

Fẹlá máa ń fún olúkúlùkù ní ohun tó máa ṣe, látorí fèrè dórí gìtá. Ìlù Tony Allen nìkan ni kì í bá a kọ. Ẹ fi "Water No Get Enemy" ti 1975 sí i. Ẹ mú ọkàn kúrò lára fèrè, kódà ẹ mú un kúrò lára ohùn Fẹlá, kí ẹ máa bá àwo bàbà yẹn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ibi tó ti sú u. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn tí gbogbo ènìyàn ti lọ. Bí ọwọ́ bá gbà á, ẹsẹ̀ á ṣìnà.

Fún ọkọ̀ yín, ẹ mú "No Accommodation for Lagos", iṣẹ́ tirẹ̀ ti 1979. Ẹ tún mú "Never" láti inú Rejoice, àwo tí òun àti Hugh Masekela, afunfèrè ọmọ South Africa, ṣe. Ní 2010 ni wọ́n gbà á sílẹ̀ ní London. Masekela kú ní oṣù Kínní 2018, iṣẹ́ ò tíì parí. Àwo náà wá jáde ní oṣù Kẹta 2020, Tony Allen sì kú ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Fẹlá ni wọ́n ń rántí nínú orin yẹn, pé Èkó ò ní rí bákan náà mọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ báyìí. Bí orin yẹn bá ń lọ, n kì í lè ṣe nǹkan mìíràn.

Àdùnní Onídìrí

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, ojú ọ̀nà á dára. Irun ni mo ń dì n'Íkòròdú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé MohBad.

Ilérí-Olúwa ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ló kú, ọmọ ọdún 27 péré. Gbogbo ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi ló lè ròyìn bí wọ́n ṣe sin ín àti bí wọ́n ṣe tún hú òkú rẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ orin rẹ̀ mẹ́ta, ariwo á lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kọ sókè yẹn, òun ló wà lọ́kàn mi láti ìgbà yẹn tí n ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó yẹ kí òótọ́ jáde nípa ikú rẹ̀, èmi náà tan àbẹ́là lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kì í ṣe ẹjọ́. Olórin ni.

Ibi tí etí mi máa ń dúró sí ni ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olórin ìgboro, ṣe ni wọ́n máa ń gé ọ̀rọ̀ jẹ. MohBad á mú ọ̀rọ̀ Yorùbá kan, á fà á sókè díẹ̀, á wá jẹ́ kó rọra wálẹ̀ bíi ti àwọn onífújì. Ẹ gbọ́ "Peace". Ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá nínú orin yẹn, lórí ìlù tí gbogbo ènìyàn ń fò sí. Mo ti jó o níbi ìkómọ, mo ti jó o níbi ìgbéyàwó, kó tó di pé mo jókòó lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ ohun tó ń sọ. Kí ẹ wá fi "Feel Good" tẹ̀lé e, kí àwọn èrò yín má baà rò pé ìrora nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ. Ọmọ náà mọ fàájì.

Ìmọ́lẹ̀ là ń pè é. Light náà ló sì pe àkójọ orin rẹ̀ ti 2020.

Bàbá Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dùn mọ́ mi. Mo ti sún mọ́ ẹni ọgọ́rin ọdún, Ìbàdàn ni mo sì ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Orlando Julius nínú yín!

Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni. 1943 ni wọ́n bí i, ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2022 ló kú. Ìbàdàn wa níbí ló ti dá ẹgbẹ́ olórin rẹ̀, Modern Aces, sílẹ̀, Independence Hotel ni wọ́n sì ti máa ń ṣeré. Ọmọ ilé ìwé ni wá nígbà náà, wọn kì í jẹ́ ká wọlé, ẹ̀yìn ògiri la ti ń jó. "Jagua Nana" jáde, gbogbo ilé ọtí láti Mọ́kọ́lá dé Òkè-Àdó ló ń lù ú. Nígbà tó di 1966, ó gbé Super Afro Soul jáde. Háíláìfù tiwa ni, ṣùgbọ́n ó ti po orin soul àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ mọ́ ọn, ọmọ Nàìjíríà ò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni Afrobeat ti jáde, kó lọ gbọ́ àwo yẹn, kó wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Kò sí ohun tí mo sọ yìí tó bu Fẹlá kù. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó ṣiṣẹ́ gba orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ibi tí etí mi máa ń dúró sí ni ibi tó ti máa ń gbé ẹnu kúrò lára máíkì tí yóò gbé saxophone sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kò tóbi púpọ̀. Fèrè yẹn ni ohùn rẹ̀ gan-an.

Awakọ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá ọ sọ. N ò rò pé ó yẹ kí o fi MohBad, ọmọ Ìkòròdú yẹn, sáàárín àwọn wọ̀nyí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, òfò ọmọ kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ Ọláìyá fọn fèrè níbi àríyá òmìnira 1960, ológun fi í joyè Lẹ́fútẹ́náǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì nígbà ogun abẹ́lé nítorí orin tó ń kọ fún àwọn sójà. Orin gbọ́dọ̀ gbó díẹ̀ kí a tó mọ̀ bóyá yóò dúró.

Ọmọ Mushin

Kò ní sí Bàbá Barrister níbẹ̀ kẹ̀?

Awakọ̀ Ìwó-Róòdù

Ọmọ Mushin, ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010 ni Bàbá Barrister lọ. Fíláàṣì tiwọn dá wà, kò sì bàjẹ́.

Onílù, n ò mọ̀ rárá pé Tony Allen gba ọ̀dọ̀ Bàbá Ọláìyá kọjá. Oṣù méjì ààbọ̀ ló wà láàárín ikú àwọn méjèèjì. Mo ti fi "Water No Get Enemy" sí i lálẹ́ àná bí ẹ ṣe sọ, mo mú etí kúrò lára fèrè. Bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fèrèsé fún ni. Orin tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré!

Bàbá Mọ́kọ́lá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Orlando Julius ti wọlé, ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí. Lórí ọ̀rọ̀ MohBad, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi pẹ̀lú ọ̀wọ̀. 1943 ni wọ́n bí Orlando Julius, 1966 ni Super Afro Soul jáde: kò ju ẹni ọdún 23 lọ. Bàbá Ọláìyá dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954, ẹni ọdún 23 ni àwọn náà. Ká ní ikú mú wọn ní 27, a ò bá má gbọ́ nǹkan kan nípa òmìnira tàbí ológun. Àwo díẹ̀ ni ì bá kù, ẹnì kan ì bá sì máa sọ pé kò tíì gbó. Ọdún tí àwọn yòókù rí lò ni ọmọ yìí kò rí. Èyí tó rí ṣe kó tó lọ, mo fẹ́ kí àwọn èrò mi gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ tó ń bá mi lọ Èkó fún iṣẹ́ lówùúrọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n. Mo máa ń rí ojú wọn nínú dígí bí orin rẹ̀ bá dé.

Bàbá Mọ́kọ́lá

O ò rí mi fín, mo sì gbọ́ ohun tí o sọ. Ọ̀rọ̀ ọdún 23 yẹn wọ̀ mí. Fi ọmọ náà sí i. Jẹ́ kí Orlando Julius ṣáájú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì New Jersey

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe níbí, inú mọ́tò ni mo ti ń ka èyí.

Sound Sultan ni mo mú wá, Lánre Fásasí. Amẹ́ríkà níbí ni ó kú sí lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2021, àrùn jẹjẹrẹ ló ṣe é, ẹni ọdún 44. "Jagbajantis" ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde nígbà tí àwa wà ní yunifásítì. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀fẹ̀ sọ òótọ́, kó sọ ọ́ ní Yorùbá, kó yí i sí pijin, tí ìjọba á sì mọ̀ pé àwọn ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n "Motherland" ni kí ẹ fi sí i. Òun ló kọ́ wa pé ibi yòówù kí a wà, kí a má gbàgbé ọ̀nà ilé, ó wá jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n sin ín sí. Ègbè orin yẹn ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi. Èyí tó kéré jù, tí kò dé Nàìjíríà rí, ló mọ̀ ọ́n kọ jù.

Ohun mìíràn tún wà. Mo wo gbogbo orúkọ tí ẹ dá, ọkùnrin nìkan ni. Onyeka Onwenu ńkọ́? Ọmọ Ìgbò ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa yọ ọ́ kúrò lára tiwa, ẹni tí òun àti King Sunny Adé jọ kọ "Wait for Me"? Ó ṣeré tán níbi ọjọ́ ìbí kan l'Ékòó lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2024 ni, ó ṣubú, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni ọdún 72. Nínú "Wait for Me", àwọn méjèèjì ń gba àwọn ọ̀dọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má kánjú bímọ. Ìyá mi jẹ́ agbẹ̀bí, ó máa ń ní orin yẹn ń bá òun ṣiṣẹ́. Ibi tí ohùn Onyeka ti bọ́ sórí ohùn Sunny, tí kò sì bo ti ẹnìkejì mọ́lẹ̀, ni etí mi ń dúró sí.

Onílù Agége

Ẹ̀gbọ́n awakọ̀, kí n tó gbàgbé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra àwọn fíláàṣì tí wọ́n ti kó orin sí, tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì. Ẹ ra orin náà lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí i. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ lórí orin wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ìyàwó àti ọmọ wọn ló yẹ kó máa jẹ ẹ́.

Awakọ̀ Ìwó-Róòdù

Mo ti gbọ́, Onílù. Màá rà á.

Ìyá wa ní New Jersey, ẹ ṣeun. "Wait for Me" ti wọlé, "Motherland" náà ti wọlé. Ẹ dá orúkọ obìnrin sí i, ẹ̀yin tó kù, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ohun tó kù mí kù báyìí ni "Jagua Nana". Èyí tí mo rí lórí fóònù kò dún dáadáa, saxophone tí Bàbá sọ yẹn ò tilẹ̀ yọ. Ta ló ní èyí tó mọ́?

Bàbá Mọ́kọ́lá

Wọ́n ti tún Super Afro Soul tẹ̀ jáde lókè òkun, ó mọ́ gaara. Ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi. Kọ orúkọ àwo náà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, kí o wá a níbi tí wọ́n ti ń ta orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí o kò bá rí i, mo wà ní Mọ́kọ́lá, o lè yà wá gbọ́ tèmi kí o tó gbéra lọ́jọ́ tí o bá ráyè.

Àdùnní Onídìrí

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá tò ó tán, ẹ kọ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan síbí bó ṣe tẹ̀ léra. Mo fẹ́ máa fi sí i ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá, ẹ má bínú, MohBad ló máa ṣáájú ní tèmi.